Júbílì Ni Ìtúsílẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọbìnrin Kọ́ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì
Ọ̀rọ̀ tí àwa ìyá ìjọ bá àwọn onígbàgbọ́ Bassila àti Manigri sọ ní àkókò Júbílì

Ọlọ́run Olódùmarè tí ó dá ẹ̀mí wa sí di Júbílì ìjọ wa yìí, òun náà ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe èyí tí ń bọ̀. Àmín.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ní kí àwa obìnrin wí tiwa lónìí. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn bá kàn ni í mọ bí ó ti rí lára.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́. Nínú Ìwé Léfítíkù, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísráẹ́lì pé bí ọdún 50 bá pé, kí wọ́n fun fèrè yí gbogbo ilẹ̀ ká, kí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì padà sí orí ilẹ̀ ìní bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Júbílì ti wá. Nítorí náà, Júbílì kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́, ìlù àti oúnjẹ nìkan. Ìtúsílẹ̀ ni. Ìjọ tí ó bá ń ṣe Júbílì gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé: ta ni ó ṣì wà nínú ìdè láàárín wa?

Àwa ìyá ti ro ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti rí ẹnì kan. Òun ni ọmọbìnrin wa tí Ọlọ́run fún ní ọpọlọ ìṣirò, tí àwa òbí rẹ̀ sì di ẹrù lé e lórí títí tí kò fi lè gbé orí náà sókè.

Ẹ wo bí ọjọ́ rẹ̀ ti rí. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti dìde. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó fọ abọ́, ó wẹ àbúrò rẹ̀, ó tún gbé ọjà ìyá rẹ̀ dé ìdí àtẹ kí ó tó gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jí, ó bọ́jú, ó mú ìwé, ó lọ. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú olùkọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ bí àgbàlagbà kí ó tó dé ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, igi ìdáná ń dúró dè é, ata ń dúró dè é lórí ọlọ. Nígbà tí ó bá máa ṣí ìwé rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, oorun sì ti gba ojú rẹ̀. Bí àsìkò kajú bá dé, oko ni ó ń lọ ṣa èso. Bí ó bá wá gba máàkì kékeré nínú ìṣirò, a ó sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Orí obìnrin kò gba ìṣirò." Ẹ̀yin ará, orí kọ́. Wákàtí ni.

Ìṣirò dà bí àkàbà. Ẹni tí kò bá tẹ ìpele kìíní kò lè dé ìkẹta. Bí ọmọ bá pàdánù ẹ̀kọ́ ìtàn ní ọ̀sẹ̀ kan, ó lè ka á fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ bí a ti ń pín odidi sí ìdá ní CM2, ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ ní kíláàsì quatrième yóò ṣókùnkùn sí i, fíṣíìsì yóò sì di àdììtú fún un. Báyìí ni wákàtí díẹ̀díẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin nílé ṣe ń di ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọn ní ọjọ́ iwájú.

Ilẹ̀kùn wo ni? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìdánwò BEPC, ọmọ yóò dé ìkóríta. Série A ń lọ sí ọ̀nà èdè àti lítíréṣọ̀, B sí ọ̀nà ètò ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, C sí ọ̀nà ìṣirò àti fíṣíìsì, D sí ọ̀nà ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀ ayé. A kò kẹ́gàn ọ̀nà kankan, nítorí ọlọ́gbọ́n wà ní gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀nà C àti D ni a ti sábà ń rí dókítà, apòògùn, ẹnjiníà, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn àti ẹni tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ó bá yà kúrò níbẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 tàbí 16, ó ṣòro kí ó tó padà. Ní ìkóríta náà gan-an ni a máa ń fi ohùn kan sọ fún ọmọbìnrin pé, "Èyí le jù fún ọ."

Ta ni ó ni ohùn náà? Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́. Ohùn àwa ìyá ni ó máa ń ṣáájú. Àwa ni a ń sọ pé ìwé àpọ̀jù kì í jẹ́ kí obìnrin rí ọkọ. Àwa ni a ń sọ pé ilé ìdáná ni òpin ìrìn-àjò rẹ̀, ibi yòówù tí ó lè kọ́kọ́ gbà. A kò fi ìkà sọ ọ́. Ẹ̀rù ni ó ń bà wá, ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà ni a sì ń tún sọ. Ṣùgbọ́n Júbílì dé, ó sì yẹ kí á gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Nítorí pé, ẹ̀yin ará, ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ọwọ́ obìnrin. Ẹ wo gàrí. Májèlé wà nínú gbágùúdá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé bí a bá rin ín, kí á dì í sínú àpò, kí á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó kan, kí omi rẹ̀ sì ro dànù, lẹ́yìn náà kí á yan án nínú agbada gbígbóná, a ó jẹ ẹ́ láìní ewu. Ẹ wo òrí. Obìnrin ni ó ń fi ọwọ́ po ó nínú omi títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ẹ wo ọṣẹ dúdú, tí a fi omi eérú àti epo sè pọ̀ di ohun tí kì í ṣe eérú, tí kì í sì í ṣe epo mọ́. Ẹ wo irú, tí kòkòrò àìfojúrí ń sọ di ohun olóòórùn dídùn nínú ooru tí a dì mọ́ ọn. Ẹ wo àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ń bá wa tajà, bí wọ́n ti ń fi omi ewé bọmubọmu mú kí wàrà dì. Kẹ́místrì ni gbogbo rẹ̀. Yàrá ìwádìí wà ní ẹ̀yìnkùlé wa láti ayébáyé, obìnrin sì ni olórí ibẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ọmọ wa mọ ìdí tí ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe fi ń rí bẹ́ẹ̀, kí ó lè ṣe é dáadáa sí i, kí ó sì fi kún un.

Ohun tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà hàn gbangba nínú ìtàn obìnrin ilẹ̀ Ṣáínà kan, Tu Youyou. Ó lé ní ọdún 1,600 tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn ilẹ̀ wọn pé ewé kan dára fún ibà. Nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí ewé yìí ní nǹkan bí ọdún 1971, agbára ewé náà kò dúró lójú kan. Ó tún ìwé àtijọ́ náà kà, ó ṣàkíyèsí pé omi ni wọ́n fi ń rẹ ewé náà, wọn kì í sè é. Ó wá mọ̀ pé ooru ni ó ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, ó sì wá ọ̀nà tí kò ní ooru púpọ̀ láti fi yọ ọ́. Oògùn tí ó jáde nínú iṣẹ́ yẹn ni artemisinin. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe hóró oògùn ibà tí wọ́n ń fún ọmọ wa ní ilé ìwòsàn lónìí. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Mélòó nínú ọmọ tí ń sáré kiri ní àgbàlá ìjọ yìí ni ìbá ti kú, bí ẹnì kan bá ti sọ fún obìnrin yẹn pé ilé ìdáná ni òpin ìrìn-àjò rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà Ṣáínà jìn. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì St. Mary's ní Èkó, ó gba oyè dókítà ní Dublin ní ọdún 1938, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dókítà ìṣègùn òyìnbó ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì ní Yunifásítì Ìbàdàn fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ó sì gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 2001. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké lóru nítorí egungun ríro mọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ bí èyí ni wọ́n jẹ́ kí á mọ̀ pé bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS méjèèjì, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ewu 1 nínú 4 wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adénikẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1989, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dorothée Kindé Gazard, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn kòkòrò tí ń fa àrùn bí ibà, di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 2011. Obìnrin ni gbogbo wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ni àwa náà ń tẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ṣé Ìjọ fọwọ́ sí i?" Ẹ gbọ́. Ní ọdún 1750, Póòpù Benedict Kẹrìnlá yan obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Gaetana Agnesi sí ipò olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Bologna. Ní ọdún 1965, Sista Mary Kenneth Keller di obìnrin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ àti rósárì rẹ̀. Gianna Beretta Molla jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé ní Ítálì, ó jẹ́ aya, ó jẹ́ ìyá ọmọ mẹ́rin, Póòpù Jòhánù Páólù Kejì sì kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́ ní ọdún 2004. Ìmọ̀ rẹ̀ kò ba ilé rẹ̀ jẹ́, ilé rẹ̀ kò sì ba ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́. Póòpù yìí kan náà, tí ó wá sí orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1982 àti 1993, kọ lẹ́tà sí gbogbo obìnrin ayé ní ọdún 1995, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé àti láwùjọ. Ní Àjàṣẹ́, àlùfáà Dominican kan, Fadá Godfrey Nzamujo, dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ ní ọdún 1985, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀gbìn, ìsìn ẹran àti ìmọ̀ ẹ̀rọ pa pọ̀. Ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀ kì í jà. Láti ọwọ́ Ọlọ́run kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Ẹrú tí ó ri tálẹ́ńtì olúwa rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba ìbáwí nínú Ìhìn Rere. Kí ni a ó sọ nípa òbí tí ó ri tálẹ́ńtì ọmọ mọ́lẹ̀, tí kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀?

A mọ̀ pé àwọn kan ní ìbéèrè, ó sì yẹ kí á dáhùn láìfi bò. Wọ́n ní owó kò tó, àti pé bí ó bá kan ọmọ kan ṣoṣo, ọkùnrin ni a ó rán. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé-ìwé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Òótọ́ ni pé ìwé, aṣọ àti oúnjẹ ṣì ń ná wa lówó. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ yan, ẹ jẹ́ kí á fi ọpọlọ ọmọ yan, kí á má fi akọ tàbí abo yan. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kàwé kò ríṣẹ́. Òótọ́ ni, a kò ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká wa: ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá ń bàjẹ́, fọ́ǹpù omi ń dákẹ́, páńẹ́lì oòrùn ń kú sórí òrùlé, aboyún sì ń dé ilé ìwòsàn láìrí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Iṣẹ́ wà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò tó. Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ Manigri, tí ó gbọ́ Nàgó, tàbí èyí tí ó jẹ́ ọmọ Bassila, tí ó gbọ́ Anii, kò ní máa ka ọjọ́ tí wọn yóò gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa.

Kí ẹ má rò pé àwọn tí ó lọ sí yunifásítì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, ní àgbègbè Kalalé, ní ọdún 2007, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fi agbára oòrùn fa omi fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní abúlé Bessassi àti Dunkassa. Omi náà ń gba inú rọ́bà kán tótótó sí ìdí ewébẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń gbin ewébẹ̀ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tà. Bí ẹ̀rọ bá lè dé abúlé, kí ló dé tí kì í fi í ṣe ọmọbìnrin abúlé ni yóò kọ́ bí a ti ń tún un ṣe?

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ìjọ fún ní Júbílì yìí kò pọ̀. Márùn-ún ni.

Èkíní, ẹ fún ọmọbìnrin ní wákàtí. Kí ọmọkùnrin náà pọnmi, kí ó ṣẹ́gi, kí ó fọ abọ́. Kò sí òfin Ọlọ́run kankan tí ó kọ̀ ọ́. Bí ìdánwò bá ku oṣù kan, kí á sọ ẹrù orí ọmọ ìdánwò kalẹ̀, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo.

Èkejì, kí á ya ibì kan sọ́tọ̀ ní ilé ìpàdé ìjọ, kí á gbé iná oòrùn sí i, kí àwọn ọmọ wa máa kàwé níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lójú àgbàlagbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bọ̀ láti Parakou àti Abomey-Calavi ní ìgbà ìsinmi, ẹ wá kọ́ àwọn àbúrò yín ní ìṣirò. Ọrẹ tí ó tóbi ju owó lọ ni.

Ẹ̀kẹta, ní ìkóríta lẹ́yìn BEPC, kí òbí lọ bá olùkọ́ ìṣirò sọ̀rọ̀ kí ó tó sọ pé, "Ó le." Bí olùkọ́ bá ní ọmọ yìí lè ṣe é, kí òbí gbà.

Ẹ̀kẹrin, kí á dáàbò bo ọmọ náà. Òfin ẹbí orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2004 sọ pé ọdún 18 ni ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2021 sì fi ìyà tó le sí orí ẹni tí ó bá fi ipò rẹ̀ fòòró obìnrin tàbí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má bo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ojú ayé. Bí ọmọ kan bá sì ti ṣèèṣì lóyún, ìyẹn kì í ṣe òpin ìwé rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ gba ọmọ pọ̀n, kí òun padà sí kíláàsì.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kí á má rò pé aṣọ rírán àti irun dídì nìkan ni ó wà. Kí ó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, kí ó kọ́ ẹ̀rọ títúnṣe, bí ó bá fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ̀yin ni a fi ọ̀rọ̀ wa parí fún. Ìṣirò yóò le. Ó le fún ọkùnrin náà. Ẹ má tijú láti béèrè ní kíláàsì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín ẹlòmíràn pa yín lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá rẹ̀ yín, ẹ rántí ìyá yín tí ó ń yan gàrí nínú èéfín. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń yọ májèlé kúrò nínú oúnjẹ, tí kò sì ka lẹ́tà kan, ọmọ rẹ̀ kì í ṣe olórí òfìfo.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá délé lónìí, kí á pe ọmọbìnrin wa, kí á bi í pé, "Kí ni ẹ kọ́ nínú ìṣirò?" Bí a kò tilẹ̀ lóye ìdáhùn rẹ̀, kí á jókòó tì í kí á gbọ́ ọ dé òpin. Níbẹ̀ ni Júbílì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Màríà Wúndíá, tí ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ tí ó sì ń rò ó nínú ọkàn rẹ̀, bá wa bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin Bassila àti Manigri. Kí Ọlọ́run tí ó fún wọn ní ọpọlọ fún àwa òbí ní ọgbọ́n láti má ṣe dí wọn lọ́nà. Nípa Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.